Ọjọ́ tí Omi Ẹ̀rọ Dé Iwájú Ilé Mi

Ọjọ́ tí ìjọba fa omi ẹ̀rọ wọ ilé-ìwé tó kọjú sí ilé mi ní Niangon, ní ìlú Abidjan, ni n kò lè gbàgbé. Opó ni mí, n kò bímọ. Inú àmù mi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mumi lọ́sàn-án. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí mi ní Yorùbá kò ní mu. Àwọn ọmọ Baoulé, tí wọn kì í ṣe Yorùbá, pàápàá mọ̀ ọ́n kí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, omi tú yàà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ mi. Mo bá sọdá títì, mo tò sẹ́yìn àwọn ọmọ tó tò sídìí ẹ̀rọ.

"Tanti, ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Rárá o. 'Ẹ káàsán' mi ni mo wá gbà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀. Agogo dún, wọ́n sá wọ kíláàsì.

Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gùn nílé mi ju òru lọ.