Àdúrà Tí Mo Fi Ń Sá fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé kan wà lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó tí wọ́n máa ń gbé àwọn tí dókítà ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọn kì í wo èèyàn sàn níbẹ̀. Wọ́n á bá a dín ìrora kù, wọ́n á wẹ̀ fún un, wọ́n á máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má baà bó, wọ́n á sì jókòó tì í. Ibẹ̀ la gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, àwọn tí wọ́n pọ̀n mí dàgbà. Jẹjẹrẹ ti wọ egungun wọn. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Óṣogbo, èmi tó sì kù, tí mo bá ní kí n gbé wọn, ẹ̀yìn mi á ní òun ò bá mi débẹ̀.

Àwọn ẹbí ń bínú pé a lọ ju ẹ̀gbọ́n wa nù. Èmi ò bínú ní tèmi o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní kí ọlọ́kadà má pa ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀sì gbé omi fún mi, mi ò mu ún, mo ní bóyá ikú lè gba inú kọ́ọ̀bù wọ èèyàn lára. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà yìí, tí mo mọ̀ dájú pé jẹjẹrẹ kì í ràn!

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, "Àbúrò mi, tí mo bá kú..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mi ò ní jẹ́ kó balẹ̀. "Ẹ ò ní kú! Ẹ ó pẹ́ fún wa! Ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn dé Mẹ́kà!" Màá fa àdúrà náà gùn títí oògùn á fi gbé wọn sùn. Kí n tó ṣe àmín, mo ti wà lórí ọ̀kadà. Ta ló máa bá mi wí? Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọlúàbí kì í jẹ́ kí aláìsàn dárúkọ ikú.

Nígbà kẹrin tí mo lọ, nọ́ọ̀sì àgbà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ohùn màmá ti ń lọ."

"Ọlọ́run á dá a padà."

"Àmín. Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò gba oògùn ọ̀sán wọn lónìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ojú àwọn dá nígbà tẹ́ ẹ bá dé."

Mo wọlé. Mo bá wọn tí wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn bo gbogbo iwájú wọn.

"Ìwọ ojo yìí. Ọlọ́kadà rẹ ń dúró?"

"Ó ń dúró, Àǹtí."

"Ní kó máa lọ."

Mo ní kó máa lọ. Bí mo ṣe ń gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń jìnnà, ó ṣe mí bíi kí n gbá tẹ̀lé e.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," wọ́n ní.

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fi ọmọ odó pa ejò lóko Olúpọ̀nnà, tí àwa ọkùnrin wà lórí igi! Àdúrà gun mí dé ọ̀fun. Mo gé ahọ́n jẹ.

"Àwọn ẹbí ọkọ mi máa wá láti Kuta láti wá gbé mi. Má gbà fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa, nínú agbo ilé wa, ni kí ẹ sin mí sí. Ìwọ ni wọ́n máa bi. Kí lo máa sọ?"

"Màá ní... ẹ̀gbẹ́ ìyá wa."

"Tí wọ́n bá yarí ńkọ́?"

Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, èyí tó sì kéré jù nínú wọn lè fi ọwọ́ kan gbé mi sọnù. "Màá dùbúlẹ̀ síwájú mọ́tò wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ìrora mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ké pe nọ́ọ̀sì. Ó fún wọn ní oògùn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi mí sílẹ̀.

"Ìwọ nìkan ò tó. Ẹlẹ́rìí méjì ni àlùfáà máa bèèrè. Tún un sọ, kí nọ́ọ̀sì gbọ́. Gbóhùn sókè."

Mo gbóhùn sókè. "Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa ni ká sin Àǹtí mi sí tí wọ́n bá kú!"

Mo ti sọ ọ́, ilé ò wó. Nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, wá gbé orí díẹ̀.

"Èmi náà gbọ́ o," ó ní. "Tí mo bá ṣì wà láyé, màá jẹ́rìí fún un yín."