Ẹ̀rọ Mọ́ṣáláṣí Tí Bàbá Mi Tún Ṣe

Ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá mi, tó ń tún rédíò ṣe l'Ágége, tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wa tó ń kùn ṣe ni n kò lè gbàgbé. Iná ò sí. Bàbá mi so bátìrì méjì pọ̀, wọ́n sì fa wáyà jáde láàárín wọn.

“Ràfíátù,” wọ́n pè mí, “àárín yìí ni òdo. Ìhín pọ́sítíífù, ọ̀hún nẹ́gátíífù. Kò ní kùn mọ́.”

Wọ́n ní àwọn fẹ́ sáré wẹ̀ kí wọ́n tó lọ kírun. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí. Wọn ò dìde mọ́.

Ìkéde ikú wọn ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbé jáde. Ohùn Lèmọ́mù já gaara dé ilé wa. Ìyá mi ń ké pé, “Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn!”

Èmi nìkan ni mo gbọ́ pé kò kùn rárá.