Eegun Àwọn Tó Lọ sí Òfuurufú

Òórùn aṣọ tuntun àti káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ìsọ̀ màámi nínú ọjà Ọba, ní Bìní. Láàárọ̀ kùtù ni màámi máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Iyaro tí à ń gbé dé ibẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ìdì àǹkárá sókè sódò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni mò ń sọ yìí, ìwọ náà á rántí. Èmi àbíkẹ́yìn wọn ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ìwé girama. Bí mo bá yà lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n sọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ fáwọn náà, ní Yorùbá o, àwọn ò fẹ́ pijin.

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí òfuurufú fún wọn nìyẹn. Mo wá Yorùbá rẹ̀ títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ làágùn. Mo ní ọkọ̀ náà ń já bọ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ eré tó ń sá yí ayé po ni kì í jẹ́ kó kanlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi ń léfòó. Mo ní nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ò gbé ara wọn mọ́, eegun wọn á máa tín-ín-rín, àfi kí wọ́n fi bẹ́líìtì so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n máa sáré lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìsinmi náà ló wá ń ṣe wọ́n léṣe yẹn?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, kọ́lé sí Ugbor, ládùúgbò mìíràn nínú Bìní, wọ́n sì mú màámi lọ gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá àwọn ò ní tajà mọ́, kí ará ìjọ má baà sọ pé ọmọ ò tọ́jú ìyá. Wọ́n ti ìsọ̀ pa, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀. Bí màámi bá fẹ́ gbálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n jókòó. Bí wọ́n bá dìde lọ bu omi mu, gbogbo ilé á dà bò wọ́n. Màámi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa rìn dé ẹnu géètì lásán, ẹ̀gbọ́n mi ní oòrùn á pa wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eegun yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé òṣùpá ni màámi fẹ́ lọ ni? Ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn ni mí, obìnrin sì tún ni mí, ta ni yóò gbọ́ tèmi?

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí màámi ti ń jókòó bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ dìde lórí àga fún àdúrà, orúnkún wọn yẹ̀, wọ́n ṣubú, eegun ìbàdí wọn sì dá. Dókítà ní eegun náà ti fẹ́lẹ́ jù, wọn ò ní lè rìn mọ́. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ọmọ wo àpẹẹrẹ ọmọ rere, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Màámi fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ n nàró díẹ̀."

Àwọn èèyàn tò wá kí wa pé a kú ìtọ́jú ìyá. Mo ń dáhùn, ẹnu mi ń korò. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ọmọ ń fọ́nnu pé ìyá òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, àyà mi máa ń já. Ọlá ni wọ́n pe tiwa náà. Wọ́n fi ọlá gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì gba ìyìn lé e lórí.