Faransé Bàbá Mùsíyè

Ọ̀rọ̀ Faransé mọ́kànlá péré ni Bàbá Mùsíyè mọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú ìyàwó tó ń sọ Faransé wálé, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ná gbogbo rẹ̀ tán. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára, ó ní, "Bọ́njúù, màdáàmù." Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a lóhùn lédè tirẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni: "Oui."

"Wí" ni Bàbá gbọ́. Ó sì wí. Ó dúpẹ́. "Oui." Ó dárúkọ búrẹ́dì, ológbò, tábìlì àti fèrèsé. "Oui, oui," ni ìyàwó ń dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá ní ó dàárọ̀, lọ́sàn-án gangan. "Oui!" Ó wá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ bá tán nínú rẹ̀. Ó nu òógùn ojú, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ìyàwó ẹ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti wí, ó ṣì ní kí n wí!" Ọjọ́ yẹn ni àdúgbò sọ ọ́ ní Mùsíyè, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni ní Faransé.

Ẹlòmíì ì bá ti ibẹ̀ jáwọ́. Bàbá ò jáwọ́, torí ohun kan ń dùn ún. Ìtàn kan wà tó máa ń sọ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kì í rẹ́rìn-ín: bó ṣe wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kan ìṣó, tí ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn, tí alábàárù mẹ́rin gbé e tòun ti kọ́bọ́ọ̀dù dé ilé oníbàárà. Ìyàwó oníbàárà ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù láti fi aṣọ kọ́, ló bá bá káfíńtà níbẹ̀ tó ń kí i pé, "Ẹ káàsán, mà. Ibo ni kí wọ́n gbé wa sí?"

Gbogbo ilé á máa yí gbirigbiri. Ìyàwó tuntun nìkan ni yóò jókòó, tí ojú rẹ̀ á máa lọ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíì. "N ó sọ ọ́ fún un lédè ẹ̀," ni Bàbá wí. "Bó gba ọdún mẹ́wàá."

Ibo ni yóò ti rí àyè? Iṣẹ́ pọ̀, Bàbá ò sì ní fi fàájì kékeré kankan sílẹ̀: tíì òwúrọ̀, ìwé ìròyìn, jíjókòó sínú oòrùn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ló bá da Faransé pọ̀ mọ́ fàájì. Ó búra pé òun ò ní fẹnu kan tíì láìka ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, tíì á tutù. Ìyá Àgbà, aya rẹ̀, á tún un gbé kaná. Nígbà tó dẹ̀ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ mu tíì yìí ní gbígbóná, kí ẹ jẹ́ kí Faransé tutù."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀. Ọjọ́ tí Bàbá gbọ́ pé ní Faransé, gbogbo nǹkan ló jẹ́ yálà akọ tàbí abo, ó fi ayùn sílẹ̀. "Ogójì ọdún tí mo ti ń kan àga, n ò mọ̀ pé obìnrin ni!" Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ akọ tàbí abo sára gbogbo ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù kó má baà gbàgbé. Opó kan wá gbé ibùsùn tó rà, ó rí AKỌ lára rẹ̀, ó fárígá.

"Káfíńtà, opó ni mí. N ò ní gbé akọ wọ yàrá mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá," ni Bàbá wí. "Àga mẹ́rin tí ẹ rà mọ́ ọn, abo ni gbogbo wọn. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ."

Lọ́dún kejì, ìyàwó ti gbọ́ èdè ilé dáadáa. Ó gbọ́ ìtàn kọ́bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀rín gbé e, ó sáré wọ kíṣìnnì, ó fi aṣọ ìnuwọ́ dí ẹnu. Ó ti rí ìwé tí Bàbá ń kọ ìtàn náà sí ní Faransé, gbólóhùn kan lọ́sẹ̀ kan, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́. Bí òun bá rẹ́rìn-ín báyìí, kí ni Bàbá ó tún máa làágùn lé lórí? Ó pa dà jókòó, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú Bàbá.

Lọ́dún kẹfà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó sọ ìtàn náà ní Faransé. Àṣìṣe kan ló bọ́ sí i: ọkùnrin àti ápù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lẹ́nu lédè náà, nítorí náà ápù mẹ́rin ló gbé Bàbá lọ sílé oníbàárà. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi ti orí àga bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ọdún mẹ́rin ló rín lọ́jọ́ náà. Bàbá wo Ìyá Àgbà, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó gbọ́!" ló ń wí. "Ó gbọ́ mi!"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ilé ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó. Ó sún mọ́ Ìyá Àgbà. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Mo tan Bàbá jẹ. Látọdún kejì ni mo ti ń gbọ́ èdè yín. Ẹ wo gbogbo wàhálà tí mo jẹ́ kí wọ́n ṣe."

"Wọ́n mọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ láti kíṣìnnì."

Ìyàwó ya ẹnu. "Kí ló wá dé tí wọn ò fi dáwọ́ dúró?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ fi ilé bàbá ẹ̀ sílẹ̀, ó tọ̀nà jíjìn wá bá wa. Wọ́n ní ó yẹ kẹ́nì kan lẹ́yìn ọkọ ẹ̀ máa bá a sọ èdè ìyá ẹ̀ nínú ilé yìí."