Bàbá Mi Ní Ká Dúró De Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà ọ̀dọ́ mi fún yín. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì lórí rédíò, ọ̀pọ̀ yín máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Irọ́ ni o! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé wa ní Ìkirè, kò sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Ọ̀nà Ìkirè-Ilé ni oko wọn wà, àmọ́ Apòmù ni wọ́n ti ń ta kòkó. Nígbà náà, ìjọba ló ń dá iye kòkó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á máa ń fi nǹkan lé e, kí àgbẹ̀ má baà kó ọjà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dé, bàbá mi á fún un lómi mu, wọ́n á fi ẹní bo àpò kòkó wọn, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Bí ẹnì kejì bá wá yọjú, ẹni àkọ́kọ́ á sáré padà wá, á fi ìgàn aṣọ tàbí àdá tuntun lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí wọn rẹ́ jẹ. Gbogbo Apòmù ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni rédíò kéde pé ọmọ Rọ́ṣíà kan ti fò yí gbogbo ayé po lójú ọ̀run. Ariwo ta! Àwọn àgbà mọ́sálásí wa ní àwọn kàn mọ bí wọ́n ṣe ń wojú oṣù kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni, pé ta ló wá ń wá ọ̀nà àtigun ibẹ̀? Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì tó gbé e.

Tíṣà Bánjọ, tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì ní iléèwé gírámà, ló là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ló ń bá ara wọn díje, pé oníkálukú wọn fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira gbà pé òun lọ̀gá. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ wa ní sikọ́láṣíìpù. Tíṣà mú mi lọ sí Ìbàdàn, àwọn tó ń ṣètò sikọ́láṣíìpù Rọ́ṣíà dán mi wò, mo sì yege! Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Rọ́ṣíà wá kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ku kí bàbá mi wá fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda mi.

Ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Mo ń rìn ní títì Ìkirè, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀!

Tíṣà wá sílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Bàbá mi pa adìẹ, ìyá mi gbé dòdò kalẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn títí Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe ń díje. Áà, ì bá ti dára tó ká ní wọ́n jẹ dòdò wọn, kí wọ́n dákẹ́!

Bàbá mi jókòó dáadáa. "Àwọn méjì ló ń du nǹkan yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Rọ́ṣíà ló sì kọ́kọ́ dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Tíṣà bẹ̀ wọ́n títí. Bàbá mi ní ọ̀nà kan ò wọjà, pé bí Amẹ́ríkà bá gbọ́ pé Rọ́ṣíà ń wá ọmọ àwọn, kò ní ṣàì gbé èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ìyá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá Ràfíù, ọmọ kì í ṣe kòkó o!" Bàbá mi ní kí ló kan obìnrin nínú ọjà títà. Èmi ńkọ́? Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ wo láyé ìgbà yẹn ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọn ò mọ ọjà tà?

Àfi bí ẹni pé Èṣù ló rán an, mọ́tò sinimá àwọn Amẹ́ríkà wá sí Apòmù lóṣù yẹn gan-an! Wọ́n ta aṣọ funfun sí ìta ọjà, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn hàn wá, bó ṣe ń yọ iná lábẹ́ tó ń gòkè lọ. Àwọn èèyàn ń pariwo, àwọn obìnrin ń sá. Bàbá mi tún agbádá wọn gbé sí èjìká, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá ògbufọ̀ tó wà nídìí mọ́tò. "Ọmọ mi rèé. Rọ́ṣíà ti ń béèrè rẹ̀ o." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fún mi ní ìwé àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó sì ní àwọn á gbọ́ra.

Nígbà tí à ń lọ sílé, bàbá mi ń kọrin. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ẹnì kejì ti dé."

Ẹnì kejì ò padà wá mọ́ o. Títí a fi rẹni rán sí Ìbàdàn pé bàbá mi ti gbà, wọ́n ti mú ọmọ Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Apòmù kan rọ́pò mi. Bàbá mi ní kí n má fòyà, pé àwọn á ta kòkó, àwọn á sì fi rán mi lọ sí ìlú òyìnbó fúnra àwọn. Bí iye kòkó ṣe já wálẹ̀ nìyẹn! Wọ́n ní kòkó ti pọ̀ jù lókè òkun, ìjọba náà sì dín iye rẹ̀ kù. Àwọn tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run àtàwọn tó ń jẹ ṣokoléètì kòkó wa, ṣé ẹlòmíràn ni? Àwọn náà kọ́ ni? Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sọ iye tí làálàá bàbá mi tó, a ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Èmi tó yẹ kí n kọ́ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì wá di ẹni tó ń gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n ní Apòmù. Ọmọ Ìkòyí yẹn padà dé ní ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tí mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, mo yáa bọ́ sẹ́yìn àpò. Ó dùn mí, ẹ má tàn mí.

Ọdún ń gorí ọdún. Ogun ń jà nílẹ̀ wa lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé èèyàn ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Mo jókòó ti bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú wọn ti di bàìbàì, àmọ́ etí wọn ṣì mú.

"Àwọn wo ló débẹ̀?"

"Amẹ́ríkà ni, bàbá."

Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Àwọn tí à ń dúró dè nìyẹn." Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ràfíù, má bínú sí mi."

Bàbá mi tí kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń jìyà. Tèmi ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn erin yẹn ò mọ̀ pé mo wà nílẹ̀. Bàbá mi ò purọ́, àwọn méjèèjì ń du nǹkan lóòótọ́. Bí ayé ṣe máa pè wọ́n lọ́gá ni wọ́n ń dù, kì í ṣe Ràfíù ọmọ Ìkirè. Kòkó tó bá ti gbẹ lè dúró nínú àpò, ọmọ tó ń dàgbà ò lè dúró. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀nà bá ṣí fún ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó gbà á lọ, kódà bó bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló dé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró dè, tí kò yà sọ́dọ̀ yín? Ẹ sọ fún mi, bóyá ara á tù mí pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n fi ẹní bò.