Ìyá Ìwé àti Ohùn Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó há sí èèyàn lọ́nà ọ̀fun ni obìnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Àwọn ọmọdé tó ń kólòlò, àwọn tí kò tètè fọhùn, àwọn àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, gbogbo wọn ló ń gba yàrá rẹ̀ ní yunifásítì kọjá. Yàrá náà kò tóbi. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé, kò ní fèrèsé, tábìlì kan àti àga méjì ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀, tí yóò sì máa tẹ́tí sí i títí etí yóò fi máa ta á. Ibẹ̀ náà ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa. Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohùn aláìsàn sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Bí onítọ̀hún ò bá lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún un, kó fi ìka tọ́ka sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti lé akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, omijé ọmọ náà kò sì yí i lọ́kàn padà.

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ará yunifásítì rárá. Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn èèyàn, Tíṣà Mọ́tò sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ẹni tó ń kọ́ bá di sítíárìn mú gírígírí, á ní, "Ẹ rọra o, mọ́tò ò sọ fún yín pé òun fẹ́ sá lọ." Bí ẹlòmíì bá dijú níbi tí ọ̀nà ti há, á ní, "Màmá, ẹ lajú, àdúrà nìkan ò mọ ọ̀nà." Ìyàwó rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ ló wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi pàdé. Kò mọ̀ ọ́n wà títí dòní. Tíṣà máa ń sọ fún àlejò pé nígbà tí òun rí bó ṣe ń wakọ̀, òun rí i pé kò sí bí òun ṣe lè dáàbò bo ará ìlú ju pé kí òun fẹ́ ẹ, kí òun sì máa gbé e kiri. Ìyá Ìwé ló ń pè é.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni àìsàn ti ká a mọ́. Ó jókòó ti obìnrin kan tó ń kọ́ ọkọ̀, wọ́n ń sún mọ́ oríta, ó sì pariwo pé, "Bíréèkì!" Obìnrin náà tẹ bíréèkì. Nígbà tó yíjú kó gba oríyìn, Tíṣà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́.

Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀díẹ̀, òye ọ̀rọ̀ sì ń yé e bó ṣe ń yé e tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré ló kù sí i lẹ́nu. Wọ́n kí i káàárọ̀, ó ní bíréèkì. Wọ́n bi í ibi tó ń dùn ún, ó ní bíréèkì. Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ló yẹ kó máa kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, mà. Bó bá ti lè jókòó báyìí, kí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára wọn. Oṣù àkọ́kọ́ yìí ni ọpọlọ ṣì rọ̀ bí amọ̀."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà dáhùn. Ó sì mọ̀ lóòótọ́. Òun ló kọ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ tó wà nílé ìwòsàn náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní sùúrù bí ilẹ̀.

Wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, Tíṣà gbé orí sókè, ó ní, "Bíreekí." Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bu omi fún un. Ìgbà tó jókòó padà ló wá yà á lẹ́nu: ta ló sọ fún un pé omi ló ń fẹ́? Ó tún ohùn náà pè lábẹ́ ahọ́n. Bíreekí. Gbé omi wá. Ohùn kan náà ni! Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, Tíṣà ti àwo síwájú, ó fajú ro, ó ní, "Birèèkí." Iyọ̀ ò tó. Ọ̀rọ̀ ti lọ tán lẹ́nu ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ dúró wà níbẹ̀ digbí. Ó ń wá ohùn gbólóhùn tó fẹ́ sọ, ó sì ń fi bíréèkì wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ aṣọ ẹlòmíì.

Orí obìnrin náà wú. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀, kò sì kà á níbì kankan. Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì dà á dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Kò yàwòrán kankan. Ọkọ òun kọ́ yìí?

Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ tí wọ́n jẹ láìjẹ́ pé fóònù bá wọn jókòó. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ pè é. "Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Ìgbà wo ni kí n máa retí yín?"

"Ó ṣì rẹ̀ wọ́n. Jẹ́ kí ara wọn mókun díẹ̀ ná."

Ó tún pè. Ìyá Ìwé ní ọkọ̀ tó máa gbé wọn bàjẹ́. Ó tún pè, Ìyá Ìwé ní òjò ti pọ̀ jù. Àwọn àwáwí náà kì í ṣe irọ́ gan-an, òjò rọ̀, ó sì rẹ Tíṣà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn òun. Bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn á máa wọlé, nǹkan àràmàǹdà yìí á sì dàrú. Ó fẹ́ gbà á sílẹ̀ tán ná. Díẹ̀ ló kù, díẹ̀ ló kù, ni oṣù àkọ́kọ́ fi lọ, ni èkejì àti ẹ̀kẹta náà fi tẹ̀ lé e.

Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí àpérò ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ó ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ló tẹ ohùn ọkọ rẹ̀ jáde fún wọn. Ohùn ọjọ́ tí Tíṣà ń wá ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ló kọ́kọ́ tẹ̀. "Bireekì?" Ọmọ mi dà? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Bireekì? Bireekì?" Ẹ̀rín náà ga sí i, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni wọ́n gbọ́. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ nínú makirofóònù ni ara rẹ̀ tutù. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ní òtẹ́ẹ̀lì, kò lè jẹun. Ó ṣáà ń rí ojú ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń wá ọmọ wọn, bó ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ọmọbìnrin wọn, tó ti wá dúró ti bàbá rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ayàwòrán ilé ni ọmọ náà, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà le koko.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Mo mú Dádì lọ sílé ìwòsàn lánàá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Mo pàdé olùtọ́jú ọ̀rọ̀."

Ìyá rẹ̀ gbé àpótí sílẹ̀.

"Ó ní òun ti ń retí wọn tipẹ́tipẹ́. Ó ní òun pè yín títí ó fi sú òun. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé ìyá mi kọ́, pé iṣẹ́ yín nìyí. Màmá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́... Mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀."

Nínú pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ Tíṣà tó ń bá rédíò jiyàn, bíréèkì lórí bíréèkì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi àwòrán bẹ̀rẹ̀, ó fi orin sí i, ó ń fi ọwọ́ Tíṣà lu tábìlì kí ọ̀rọ̀ lè bá ìlù náà jáde. Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó jáde. "Omi" ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni "rárá", tó fẹ́ràn gan-an, tó ń fi dá gbogbo ilé lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ tuntun kan bá ti yọ, inú ìyàwó rẹ̀ á dùn, àyà rẹ̀ á sì já lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé èyí ì bá ti dé tipẹ́? Mélòó ló ti bẹ́ẹ̀ lọ tí kò ní dé mọ́? Òun tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè wọn èyí fún òun. Ó ṣeé ṣe kó má yàtọ̀ rárá. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ti ta ìdajì ọ̀rọ̀ ọkọ òun fún àtẹ́wọ́.

Ó ń ṣe é bíi kó jẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjẹ́wọ́ fún ẹni tí kò lẹ́nu àti bú èèyàn, ìwà ọ̀lẹ ni lójú rẹ̀. Ó ní òun á dúró kó ní ọ̀rọ̀ tó tó bá òun jà. Ìdúró náà sì tún ń dà á láàmú, nítorí ìdúró ló kọ́kọ́ fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà fìbínú lé ológbò aládùúgbò kúrò lórí àga rẹ̀. "Jáde! Jáde níbí!" Gbólóhùn gidi. Ọmọbìnrin wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìwé mọ̀ pé àkókò ti tó. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: fóònù tó dojú dé, àwọn àwáwí, ẹ̀rín inú gbọ̀ngàn, tòun náà tó bá wọn rín. Kò fi ohunkóhun bò.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀. "O... o ń... gbọ́ mi." Ó gbá àyà ara rẹ̀. "O ń... gbọ́ mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ni mò ń gbọ́."

Èyí ló dun Tíṣà jù. Ó ti rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun, àṣé ìyàwó òun ń gbọ́, ó sì fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà. "Jáde."

Ó jáde. Ó dúró sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ajé tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí ní yunifásítì, ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹlòmíì níbẹ̀ ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọkọ yín ni o, ta ló máa bi yín?" Ó ní òun ló ń bi ara òun. Wọ́n fa iṣẹ́ náà yọ, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ìwádìí fún sáà kan. Ó wá akẹ́kọ̀ọ́ tó lé nígbà yẹn kàn, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni yẹn dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun dárí jì í.

Ní ti àwọn ohùn inú fóònù, olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ló ya àwòrán síwájú Tíṣà: kí wọ́n pa á rẹ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀. Tíṣà ronú, ó sì fìka lé "pa á rẹ́". Ìyàwó rẹ̀ pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ká sòótọ́, ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n yọ léyín, ó sì tún dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ó dun òun.

Tíṣà kò lé e kúrò nílé, kò sì gbà á mọ́ra bíi tàná. Kò jẹ́ kó wọ yàrá ìtọ́jú pẹ̀lú òun. Bí wọ́n bá lọ, obìnrin náà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò padà di aláwàdà tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ dápàárá, gbogbo ilé á dákẹ́ dúró dè é, àpárá náà á sì ti tutù kó tó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń fọ àwo, Tíṣà jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó yanu. "Mú... mú..." Ọ̀rọ̀ náà kò wá. Ìyá Ìwé rí ohun tó ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ, nítorí ẹ̀kọ́ tó ti fi kọ́ni jálẹ̀ ayé rẹ̀ ni pé ká fún èèyàn láyè kó wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe dúró náà, ẹ̀rù bà á: ṣé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, àbí mo tún ń wò ó?

"Sọ ọ́!" Tíṣà jágbe mọ́ ọn. "Ìyá Ìwé, sọ ọ́!"

"Ṣíbí," ló wí, ó fa ọ̀kan yọ nínú omi ọṣẹ, ó sì nà án sí i. "Ṣíbí ni."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣíbí." Tíṣà na ọwọ́ òsì, ó gbà á pẹ̀lú ọṣẹ tó wà lára rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.