Ẹni Tó Kan Òpó

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Aune Lehtola ti ń ka róbà dúdú pẹlẹbẹ tí àwọn eléré họ́kì ń fi igi gbá sílé ní pápá yìnyín Pike Narrows. Ẹ̀bá ẹ̀rọ tó ń mú ara gbóná ló máa ń jókòó sí, ìwé lórí itan, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Bí amúlé, ẹni tó ń ṣọ́ ilé, bá mú róbà, á fa ilà. Bó bá wọlé, á kọ òdo. Èyí tó bá ya ìta, kò kọ nǹkan kan. Eino ọkọ rẹ̀ ti múlé fún ìlú náà rí, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ó di ọdún kejì tí Eino ti kú, ìwé náà kò sì tíì sinmi lọ́jọ́ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta, Gaston Brisebois, kóòṣì ẹgbẹ́, wá bá a nídìí kọfí.

“Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ìwé yín ló máa bá mi yàn o.”

Amúlé méjì ni ẹgbẹ́ náà ní. Rory Kivela ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, Craig Desmoulin sì ń wa ọkọ̀ tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àṣekágbá, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dúró sílé. Aune ṣí ìwé. Nínú ọgọ́rùn-ún róbà, Kivela mú méjìléláàádọ́rùn-ún. Desmoulin mú mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

“Ó parí nìyẹn,” Gaston wí. “Kivela ni.”

Hazel Moffat tó ń ta kọfí, ọ̀rẹ́ Aune láti ìgbà ọmọge, gbé ife kalẹ̀ gbàgà. “Kò parí o. Ojú ìfẹ́ lobìnrin yìí fi ń ka ti Kivela.”

“Èmi?”

“Ìwọ náà ni. Bí róbà bá fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé Kivela, wàá ní ó mú un. Bí Desmoulin bá nà gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá, wàá ní ìta ló ń lọ tẹ́lẹ̀.”

“Hazel, lọ fọ ife ẹ.”

“Mo ti fọ̀ ọ́. Ojú ẹ ló kù tá a máa fọ̀.”

Aune gbé ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ilà àti òdo ni gbogbo rẹ̀, ilà kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìbínú ti lọ. Ọ̀rọ̀ Hazel kàn ń yún un ni, bí ẹ̀wù òtútù ṣe máa ń yún ni lọ́rùn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń yẹ ojú ara rẹ̀ wò?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú tí wọ́n ń gbára dì, ó wọ́ àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó kẹ́yìn sí yìnyín. Etí ló fẹ́ fi kà. Kò sẹ́ni tó dàgbà nídìí pápá yẹn tí kò mọ ìró wọn: pátákó ẹ̀yìn ilé á dún gbàù, tìmùtìmù tí amúlé so mọ́ ẹsẹ̀ á dún bù, ìbọ̀wọ́ á dún pá. Hazel dúró níwájú, ó ń fi ojú ka tirẹ̀. Gaston á fi amúlé kan sílé, lẹ́yìn náà èkejì, kò sì ní sọ èwo ni èwo.

“Màmá, kí la ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi kẹ́yìn sí wa?” Desmoulin pariwo.

“Pa ẹnu ẹ mọ́! Mi ò fẹ́ mọ ẹni tó wà nílé.”

Kí wọ́n tó gbá èyí àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ. Kọ́. Kọ́. Igi kan òpó ọ̀tún, ó kan ti òsì. Àyà rẹ̀ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni Eino ṣe máa ń ṣe kó tó kọjú sí ẹnikẹ́ni, òun ló sì kọ́ Kivela. Aune fara balẹ̀, ó kà. Ilà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni kejì kò kan òpó; ó gba méjìdínlọ́gbọ̀n.

Hazel mú ìwé tirẹ̀ wá. Ẹni kejì, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré. Kò fi Aune ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe,” Aune wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Gaston, ìwọ fúnra ẹ ni kó o mú ẹni tó máa kan òpó. Èkejì ò gbọdọ̀ kàn án. Má sọ fún mi.”

“Ẹ̀yin Màmá yìí náà,” Kivela ráhùn. “Bí mi ò bá kan òpó, bí ẹni tí ò wọ bàtà ni mo máa ń rí.”

Wọ́n tún un ṣe. Ẹni tí kò kan òpó gba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ Aune, iye kan náà lọ́wọ́ Hazel. Lẹ́yìn náà, kọ́, kọ́. Róbà ń fò. Ọ̀kan dún gbàù, ṣùgbọ́n etí Aune ní ó kọ́kọ́ ba ẹsẹ̀. Ó fa ilà. Nígbà tó parí, ilà jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó yí àga padà.

“Kivela nìyẹn! Ẹ ò rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n mú?”

Amúlé náà ṣí ìbojú. Desmoulin ni, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé Hazel.

Aune wò ó títí. “Tún kàn án.”

Desmoulin kàn án. Àyà Aune tún sọ.

“Àṣé òpó ni,” ó wí jẹ́jẹ́. “Kì í ṣe Kivela ni mò ń fún. Ẹni tó bá ti kan òpó ni.”

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń kan òpó tẹ́lẹ̀.

“Gaston, má fi ìwé mi yàn,” ó wí. “Mẹ́ta tí Kivela fi ju èkejì yẹn, ti ọkọ mi ni.”

“Kí wá ni kí n fi yàn, Màmá?”

“Ṣebí o ní ojú méjì. Ṣùgbọ́n yẹ òun náà wò o.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gaston ní kí àwọn méjèèjì wọ ẹ̀wù kan náà, kí wọ́n fi nǹkan bo àwòrán ara ìbojú wọn. Ó wo bí wọ́n ṣe ń mú róbà láìmọ èwo ni èwo; ẹni tó nàka sí, Desmoulin ni. Kivela fajú ro títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ Hazel ni pẹ́ńsùlù wà. Aune jókòó tì í, ìbọ̀wọ́ Eino lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Desmoulin yí padà, ó kan òpó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè síbi tí Aune wà.

“Aláìnítìjú,” Aune wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi lẹ́ẹ̀kíní, Hazel ka ilà rẹ̀. “Mẹ́tàlá ló mú.”

Mẹ́rìnlá ni Aune kà lọ́kàn.

“Kọ mẹ́tàlá,” ó wí. Ó sún mọ́ ọn. “Ṣùgbọ́n èyí tó kọjá nídìí òpó òsì yẹn, sọ òótọ́ fún mi, kí ló kọ́kọ́ bà?”

“Pátákó.”

“Pátákó?”

“Pátákó, Aune.”

“Ó ga o,” Aune wí, ó sì tẹjú mọ́ ìdí òpó náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.